Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Ìjì

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àtàǹpàkò yí ojú fóònù sókè sódò yìí, ẹ dúró ná! Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹ̀pà, ẹ gbé èyí tó wà lẹ́nu yín mì. Ìwọ tí o ti fẹ́ yọjú wo ìsàlẹ̀ kí o lè mọ bó ṣe parí, mo ti rí ẹ, padà sókè kíákíá. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ń ṣe tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín? Ẹ ó gbọ́ ìdajì, ẹ ó wá fi ìdajì tí ẹ ò gbọ́ dá a lẹ́jọ́. Ẹ jókòó dáadáa o. Láti oṣù tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja, kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé pọ̀. Ẹ má sì rò pé òwe ni mo ń pa, ẹja gan-an wà nínú ẹ̀, ẹ máa tó gbọ́.

Abẹ́ àtíbàbà Ràfíù fọkanáísà ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ ọ́, níbí yìí ní Òkè-Sópẹ́n, nínú Ìjẹ̀bú-Igbó. Táyà ẹ̀yìn mi ló jò, Ràfíù sì ń bá mi lẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ń kọ nǹkan, mo máa ń kà á sókè bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni, tíṣà nà mí nà mí títí lórí ẹ̀ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò lọ. Torí náà, Ràfíù ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń kà yìí. Kò séwu. Ràfíù kì í sọ̀rọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, gbólóhùn méjì ni mo ti gbọ́ lẹ́nu ẹ̀: “Ó ti jò,” àti “Ó ti tán.” Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló dáa kéèyàn jẹ́wọ́ níwájú ẹ̀, kì í ṣe irú yín.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Bàbá kan wà ní Òde-Omi, létí ọ̀sà, tó ń gbàdúrà fún mi láràárọ̀. Wọ́n ń dárúkọ mi sí Ọlọ́run létí, wọ́n ní kó gbé mi ga, kó má jẹ́ kí ojú tì mí láàárín ẹgbẹ́ mi. Bí ọ̀sẹ̀ bá yí po, wọ́n á fi ẹja gbígbẹ rán awakọ̀ sí mi, wọ́n á we é sínú bébà, wọ́n á ní kó fún ọmọ àwọn. Èmi yìí, ọmọ wọn! Èmi tó jẹ́ pé bí bàbá yẹn bá mọ ohun tí mo ṣe fún wọn, egungun ni wọ́n máa fi ránṣẹ́, wọ́n á sì jẹ ẹja. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, ẹgbẹ́ wa fẹ́ jókòó kọ lẹ́tà, ohun tí wọ́n sì fẹ́ kọ síbẹ̀ ni pé ogbó bàbá yẹn ló dójú ti ìlú. Wọ́n á tún yọ fọ́tò bàbá kúrò lára ògiri tó ti wà láti ìgbà tí n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń nu imú. Gbogbo wọn ló gbà pé bó ṣe rí nìyẹn. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì dákẹ́ bí ẹni tí omi kún ẹnu ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ lè máa jẹ ẹ̀pà yín lọ, ẹ ti mọ apá ibí yìí. Bí ọdún bá ń parí lọ, tí àwọn ọmọ ìlú ti dé láti Èkó, a máa ń fi máṣíìnì díje. Òkè-Sópẹ́n níbí la ti ń gbéra, a ó gba Orù, a ó gba Àwà, a ó dé Àgọ́-Ìwòyè, a ó yí òpó kan po níbẹ̀, a ó sì padà sílé. Àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ọdẹ á ti dí títì pa kí ẹnikẹ́ni má bàá gbé ọkọ̀ jáde. Ìlú márùn-ún ló ń du ú, máṣíìnì tí mẹkáníìkì ìlú kọ̀ọ̀kan bá sì tò pọ̀ fúnra ẹ̀ ni ìlú náà gbọ́dọ̀ gùn, kò sí pé ẹnì kan lọ ra tuntun wá láti ibì kan. Òfin kan wá wà tó burú ju gbogbo ẹ̀ lọ: ìlú tó bá ṣe ìkẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, ó ti jáde, wọ́n á fún ìlú míì ní àyè ẹ̀.

Èmi ni mo ń gùn ún fún Òkè-Sópẹ́n. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi! Ẹ dúró, ẹ má tíì pa á. Ọdún àkọ́kọ́, mo ṣe ìkẹ́yìn, mo ní ọyẹ́ ló dí mi lójú. Ọdún kejì, mo tún ṣe ìkẹ́yìn, mo ní òjò ni, bẹ́ẹ̀ oòrùn ọjọ́ yẹn lè yan àgbàdo. Èyí tó dun ìlú jù ni pé àwọn ará Òde-Omi náà na wá. Ẹ gbọ́ mi o! Àwọn èèyàn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ ọjà, lọ ṣọ́ọ̀ṣì, lọ ìsìnkú, tí ọmọ wọn ń mọ odò wẹ̀ kó tó mọ ìrìn, àwọn ló wá ń na wá lórí ọ̀dà! Lọ́jọ́ kejì, ìyá arúgbó kan ládùúgbò wa pè mí, wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé, “Ọkọ mi, àbí o máa ń dúró kí àwọn èèyàn lójú ọ̀nà ni?” Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìyá yẹn sápò. A máa padà sídìí ẹ̀.

Ọ̀gá Ṣẹ́gun ni mẹkáníìkì wa, àwọn ni olórí ẹgbẹ́, àwọn náà ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́. Àwọn ló to máṣíìnì wa pọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ẹkùn. Ara ọ̀kadà kan tó ti kú ni wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ara òmíràn ni wọ́n ti yọ ọrùn ẹ̀, àwọn nǹkan kan sì wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé ara ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń la gẹdú ni Ọ̀gá ti tú wọn. Èèyàn mẹ́ta ló máa ń tì í kó tó dáhùn, àmọ́ bó bá ti dáhùn, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fẹnu kan Ẹkùn lójú Ọ̀gá Ṣẹ́gun. Bọ̀dá kan sọ nígbà kan pé èéfín ẹ̀ ti pọ̀ jù, odindi oṣù kan ni Ọ̀gá ò fi dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ àna wọn ni.

Nígbà tó wá ku ẹ̀ẹ̀kan péré kí wọ́n lé wa, Ọ̀gá pe ìpàdé sí ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò jókòó. Wọ́n na ọwọ́ sí fọ́tò tó wà lókè táńkì epo, wọ́n ní, “Àwọn yìí la máa lọ gbé wá.”

Gbogbo wa yíjú sókè. Bàbá Ìjì! Ọmọ Òkè-Sópẹ́n pọ́nńbélé ni Bàbá Ìjì, ẹ̀ẹ̀marùn-ún léraléra ni wọ́n gba ipò kìíní nínú eré yìí nígbà èwe wọn. Àwọn tó bá wọn láyé ní bí wọ́n bá gbéra, kí èèyàn tó jẹ búrẹ́dì kan tán, wọ́n ti dé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo lẹ rò pé mò ń sọ? Nínú fọ́tò yẹn, irun wọn dúdú kirimú, ó sì ga lórí bí ìtẹ́ ẹyẹ. Bàbá ti lé lọ́gọ́ta ọdún báyìí. Wọ́n ti kó lọ sí ìlú ìyàwó wọn ní Òde-Omi, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń lu agogo ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun.

Bísí ló kọ́kọ́ lanu. Ọmọ yunifásítì ni, ní Àgọ́-Ìwòyè, òun ló ń bá wa wo aago, kì í sì í bẹ̀rù ẹnì kankan. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, eré máṣíìnì ni o, kì í ṣe ìpàdé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì.”

Ọ̀gá ní, “Bísí, bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, ṣé ó lè lákìísà tó àgbà?”

Ẹnu mi yìí, ẹnu mi tó máa pa mí, mo ní, “Ọ̀gá, àkísà wá la fẹ́ gbé gun máṣíìnì?”

Sípánà ni wọ́n jù sí mi. Mo yẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní, “Ìwọ tí o láṣọ, ipò wo laṣọ gbé ẹ dé? Dá mi lóhùn! Ipò wo?” Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín kèéé. Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ kí n rí eyín yín. Bí wọ́n ṣe ní kí àwọn tó bá fẹ́ Bàbá Ìjì nawọ́ nìyẹn o, gbogbo ọwọ́ lọ sókè àfi ti Bísí àti tèmi. Ohun tí Bísí sọ kó tó jáde ni pé, “Bó bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má pè mí.” Mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ìgbà tí nǹkan bá dùn mí dé egungun ni mo máa ń rẹ́rìn-ín jù. Ọdún méjì ni mo fi jókòó lórí Ẹkùn, wọ́n wá gba ìjókòó yẹn lábẹ́ ìdí mi, wọ́n fún fọ́tò!

Èmi náà ni Ọ̀gá mú dání lọ sí Òde-Omi. A wọ ọkọ̀ títí, a wá wọ ọkọ̀ ojú omi, mo di etí ẹ̀ mú bí ẹni tó di ìyá ẹ̀ mú, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń fi mí rẹ́rìn-ín láti inú omi. A bá Bàbá Ìjì níwájú ilé wọn, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. A dọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí ìyàwó wọn fi jáde láti ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ìyá ní, “Orúnkún tí kì í lè kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ fẹ́ gbé gun máṣíìnì? Ẹ kú orí ire o. Ẹ bi í bóyá ó rántí ibi tó gbé awò ojú ẹ̀ sí láàárọ̀ yìí.” Bàbá ti dìde. Wọ́n ń wo Ọ̀gá Ṣẹ́gun lójú bí ẹni tí wọ́n wá sọ fún pé ọmọ ẹ̀ tó sọnù ti dé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè ni pé, “Ṣé àwọn èèyàn ṣì máa ń jáde síta láti wò ó?” Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Bàbá ní, “Ẹ jẹ́ kí n mú bàtà mi.” Bó ṣe yá tó nìyẹn. Mo wò wọ́n, mo ní nínú mi pé, ẹ wo arúgbó tó ń kánjú bí ọmọ ọlọ́dún méje. Mo fẹ́ bínú sí wọn, kò wá.

Wọ́n wá dé sọ́dọ̀ àbúrò wọn níbí. Láràárọ̀ Sátidé, kí àwọn èèyàn tó pọ̀ lọ́nà, wọ́n á gun Ẹkùn, èmi náà á gun ọ̀kadà mi tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn láti máa wò wọ́n. Ẹ sún mọ́ mi, mi ò fẹ́ kí Ràfíù gbọ́ èyí: bàbá yẹn mọ̀ ọ́n gùn jù mí lọ. Ó dùn mí láti sọ ọ́. Kọ́nà tí mo máa ń tẹ búréèkì kí n tó yà, wọ́n kàn máa ń fi ìbàdí yà á ni, bí ẹni yí padà lórí ẹní. Mo tẹ̀ lé wọn títí, ọkàn mi bàjẹ́ títí. Àfi lọ́jọ́ kan tí a ń kọjá níwájú ibi tí wọ́n ń la pákó. Bàbá kan tó ru gẹdú mọ̀ wọ́n, ló bá pariwo pé, “Ìjì o!” Bàbá Ìjì sì dá a lóhùn pé, “Ó ń bọ̀ wá jà!” wọ́n sì na ọwọ́ ọ̀tún sókè gbọnrangandan.

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn, ṣé ẹ rí i? Ẹ ò rí i. Ọwọ́ ọ̀tún náà la fi ń yí iná máṣíìnì kó lè sáré. Bí ọwọ́ yẹn bá ti kúrò níbẹ̀, máṣíìnì á kàn sọ pé “wúúú,” á wá máa rìn bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Àwa ọ̀dọ́, bí wọ́n bá kí wa lórí máṣíìnì, a ó mi orí, tàbí ká fun fèrè, ká kọjá. Bàbá Ìjì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn kí ẹ, kí o máà dáhùn? Àbùkù nìyẹn. Kí o wá fi ọwọ́ òsì dáhùn, ọwọ́ tí kò yí nǹkan kan? Ó kúkú sàn kí o bú u! Torí náà, bí wọ́n bá ti kí bàbá, ọwọ́ ọ̀tún á lọ sókè, Ẹkùn á sì sùn. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó yẹn jáde lápò báyìí. Mo kà á láàárọ̀ ọjọ́ yẹn: ẹni mẹ́rin ló kí wọn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí sọ wọ́n lẹ́yìn.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n sọ fún Ọ̀gá Ṣẹ́gun. Ohun tó yẹ ni pé kí n bá bàbá jókòó, kí n ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, lọ́jọ́ náà, ẹ má dá ẹnì kankan lóhùn.” Àmọ́ ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwà: ọmọ ta ni mí tí n ó fi sọ fún àgbà pé kó má dáhùn ìkíni? Àwáwí tí mo fi tan ara mi jẹ nìyẹn o. Kí n sọ òótọ́, inú mi dùn ni. Inú mi dùn bí ti ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ he. Kì í sì í ṣe pé mo dákẹ́ nìkan. Bó bá jẹ́ pé mo dákẹ́ nìkan ni, ẹja yẹn ì bá máa lọ lọ́fun.

Mo lọ pe èèyàn. Mo kọ ọ́ sórí Wasáàpù àwọn ọmọ yunifásítì pé akọni àtijọ́ kan ń padà bọ̀, kí wọ́n tú jáde, kí wọ́n máa pe “Ìjì o!” bó bá ti yọ. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ti bàbá, ẹ̀ka tó wà lọ́nà Orù, mo bọ́ bàtà mi, mo dọ̀bálẹ̀ fún wòlíì, mo ní ọmọ ìjọ wọn kan fẹ́ gbé orúkọ Olúwa ga lórí máṣíìnì, kí wọ́n jọ̀wọ́ bá wa jáde pẹ̀lú agogo. Inú wọn dùn! Wọ́n gbàdúrà lé mi lórí. Nígbà tí Ọ̀gá Ṣẹ́gun gbọ́, wọ́n gbá mi mọ́ra, òróró ẹ́ńjìnnì kùn mí láṣọ, wọ́n ní, “O ti wá dàgbà. Ẹlòmíràn ì bá máa jowú.” Mo ní, “Ọ̀gá, ìlú ló jù.” Ẹ wo ẹnu! Bísí nìkan ló wò mí lójú, ó ní, “Ìwọ? Ìwọ yìí lò ń ṣe oore?” Mo fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ní kí n dúró ní Àgọ́-Ìwòyè níbi òpó tí wọ́n máa yí po, kí n di àsíá ẹgbẹ́ wa mú. Kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí èrò ṣe pọ̀ tó. Wọ́n gun orí ògiri, wọ́n gun orí igi, àwọn kan gun ẹ̀yìn ara wọn. Nígbà tí máṣíìnì yọ láti ọ̀nà Àwà, ọmọ Àgọ́ ló wà níwájú, ọmọ Orù tẹ̀ lé e, ẹni kẹta wá yọ, ẹ̀wù pupa wa ló wọ̀. Bàbá Ìjì! Wọ́n gbé Ẹkùn dé ipò kẹta! Mi ò gbé e dé ipò kẹta rí, lójú àlá pàápàá. Ẹsẹ̀ mi fò sókè fúnra ẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ohun tí mo ti ṣe.

Ni gbogbo títì bá bú gbàù pé, “Ìjì o!”

“Ó ń bọ̀ wá jà!” Ọwọ́ ọ̀tún lọ sókè. Wúúú.

“Ìjì o!” láti orí ògiri. Ọwọ́ ọ̀tún. Wúúú. “Ìjì o!” láti orí igi. Ọwọ́ ọ̀tún. Kí wọ́n tó yí òpó po, ọmọ Àwà ti kọjá wọn. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín o, mi ò purọ́, ó pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n wá dé ọ̀gangan ibi tí mo dúró sí, mo sì rí ojú wọn. Omi ń dà lójú bàbá yẹn bọ́ sínú irùngbọ̀n. Wọn ò rí ọmọ Àwà, wọn ò rí òpó, wọn ò rí èmi àti àsíá. Àwọn èèyàn nìkan ni wọ́n ń rí. Wọ́n ń yí orí kiri bí ọmọdé tí wọ́n gbé dé ọjà fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ń wá ẹni tí wọn ò tíì dá lóhùn kí wọ́n lè dá a lóhùn. Ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé, “Bàbá, ẹ máa lọ! Ẹ fi wọ́n sílẹ̀! Ẹ máa lọ!” Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n rò pé èmi náà ń kí wọn ni. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sí mi.

Ní ọ̀nà ilé, wọ́n ní àwọn aláṣọ funfun tí mo pè ń dúró de bàbá ní Orù pẹ̀lú agogo. Mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé nígbà tí wọ́n máa fi dé Òkè-Sópẹ́n, ọmọ Òde-Omi ti dé, ó ti mu omi, ó ti bọ́ bàtà. Ìkẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kẹta. Ó tán.

Ọ̀gá Ṣẹ́gun ò lè bú bàbá. Àgbà ni, kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Wọ́n kàn gba Ẹkùn lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi àkísà nù ún, wọ́n kẹ̀yìn sí gbogbo ayé. Mo dé lẹ́yìn, mo fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ yọ́ lọ, àmọ́ Bàbá Ìjì ti rí mi. Wọ́n fi èjìká mi ti ara wọn dúró. Wọ́n ní, “Wọ́n ti sọ fún mi. Ìwọ lo pè wọ́n.” Mo ní ó parí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, mo ti rò pé ìlú yìí ti gbàgbé mi. Ní Òde-Omi, ọkọ ìyá ẹlẹ́ja ni wọ́n ń pè mí. Lónìí, mo gbọ́ orúkọ mi. Kí Olúwa jẹ́ kí wọ́n pe tìẹ náà bẹ́ẹ̀.” Wọ́n fi ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn àdúrà, kí ni kí n ti ṣe? Mo ní, “Àmín, sà.”

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹja ti ń dé. Mi ò lè jẹ ẹ́. Ojú ẹ̀ máa ń wò mí láti inú bébà. Mo ti fún àwọn ológbò títí, àwọn ológbò àdúgbò wa ti sanra débi tí wọn ò lé eku mọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ eré wá sọ pé bí a bá lè ṣàlàyé ohun tó ṣe wá, bóyá àwọn máa ṣàánú, kí a ṣì ní àyè lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdí lẹ́tà Sọ́ńdè nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀bù! Ọ̀gá ní ogbó ni. Bísí ní, “Mo sọ ọ́, mi ò sọ ọ́?” ó ti sọ ọ́ tó ìgbà ogójì, etí mi ti fẹ́ jábọ́. Àwọn tó nawọ́ sókè fún bàbá lọ́jọ́ kìíní ti ń bura pé orí làwọn ń họ. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé fọ́tò tèmi síbi tí wọ́n bá ti yọ ti bàbá. Fọ́tò mi! Bí ayé ṣe rí nìyẹn?

Ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn o, ẹ má kàn jókòó máa wò mí bí ẹni ń wo eré. Bí mo bá jẹ́wọ́ ní Sọ́ńdè, orúkọ bàbá mọ́, fọ́tò wọn á wà níbi tó wà, àmọ́ bàbá á gbọ́ pé èèyàn tó jáde kí wọn lọ́jọ́ yẹn, pàkúté ni mo fi wọ́n ṣe. Ìdùnnú yẹn á ti bàjẹ́. Ọ̀gá Ṣẹ́gun á lé mi, wọ́n sì jàre. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé Bàbá Ìjì ló pa Òkè-Sópẹ́n lẹ́kún, bàbá á sì máa gbàdúrà fún mi lọ. Èwo ló dáa níbẹ̀? Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ẹ̀rín bo owú. Ọ̀rọ̀ tó bá wà nínú yín fún ọ̀gá yín, ẹ sọ ọ́ kó tó ra. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa ìlú mi, pẹ̀lú ìkíni, pẹ̀lú àdúrà, pẹ̀lú agogo ṣọ́ọ̀ṣì! Èmi nìkan! Ẹ rí irú ìkà tí mo…

Ràfíù ti dúró lórí mi. Táyà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní, “Ó ti tán?”

Ó ní, “Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àwà ni mo dúró sí lọ́jọ́ yẹn nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, kí wọ́n tó dé Orù. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, mi ò sì kí bàbá, búrẹ́dì wà lẹ́nu mi. Ọwọ́ wọn méjèèjì wà lórí máṣíìnì, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń lọ, ọmọ Òde-Omi sì kọjá wọn bí ìgbà tí èèyàn kọjá òpó iná. Ẹkùn yín ń wúkọ́ bí ewúrẹ́. Kì í ṣe bàbá, kì í sì í ṣe ìwọ, má gbéra ga. Máṣíìnì tí Ọ̀gá ẹ tò ni kò dáa.” Ó ju táyà sílẹ̀ níwájú mi. “Gbogbo ìlú ló mọ̀. Dìde lórí pọ́ǹpù mi.”